Bọ́ọ̀lù Tó Wọlé Sámúẹ́lì Aṣọ́lé

Nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú, tí mo ṣì lè sáré lé bọ́ọ̀sì kí n sì bá a, kò sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Woolwich, ní London níbí, tí wọn ò ti mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ò wọlé bàbá àgbà mi rí. Odindi sáà kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Aṣọ́lé ni bàbá àgbà mi. Kò sí ẹsẹ̀ tó gbá a wọlé, kò sí orí tó kàn án wọlé. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, ojú mi á gún régé, bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ jiyàn, mà á ní, "Lọ béèrè." Ta ló fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ta? Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ti kú tán.

Èmi rò pé ọ̀rọ̀ náà ti bá wọn lọ ni.

Tómi, ṣé nǹkan yẹn ti ń gba ohùn mi? Ó dáa. Ìwọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lo ní kí n sọ ìtàn ìdílé wa, pé o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí gbogbo mọ̀lẹ́bí lórí fóònù. Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa gbọ́ ọ. Ẹ má pa á tí mo bá débi tó dùn mí. Ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ fetí sí.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àgbà fúnra wọn. Sámúẹ́lì lorúkọ wọn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, lórí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi ọsàn wọn lápá Èkìtì. Ọwọ́ wọn ni mo ń wò. Ìka méjì ò lè nà mọ́, wọ́n tẹ̀ bí ìkọ́. Mo ní, "Bàbá, kí ló ṣe ọwọ́ yín?"

Wọ́n ní, "Bọ́ọ̀lù ni."

Mo ní, "Bọ́ọ̀lù ṣe máa ń jẹ èèyàn ni?"

Wọ́n ní, "Ti ìgbà tiwa ń jẹ."

Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni Bàbá lọ, lórí òkè kan báyìí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Orí Òkè ni mà á máa pè é. Ayé ìgbà náà, kò sí rédíò nílé ẹnikẹ́ni, mọ́tò ò sì tó nǹkan. Kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́fà ló ń díje fún ife fàdákà kan. Ife ọ̀hún, Bàbá ní kò tóbi ju kọ́ọ̀bù ìmumi lọ. Nítorí ẹ̀, àwọn ọmọ yìí á fẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ méjì. Ṣé ẹ gbọ́? Ọjọ́ méjì… iṣu lórí, ẹní lábẹ́ abíyá. Wọ́n á sùn nílé ẹni tí wọn ò mọ̀ rí, wọ́n á jí, wọ́n á tún rìn. Tí wọ́n bá débẹ̀, wọ́n á ṣan ẹsẹ̀, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ lásán ni o. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bọ́ọ̀sì ò bá yára dé láti Thamesmead sí Woolwich, ẹ ti fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba.

Bọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀ ńkọ́? Awọ màlúù ni. Wọ́n fi okùn di ẹnu ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń di bàtà. Rọ́bà wà nínú ẹ̀, ẹnu ni wọ́n fi ń fẹ́ ẹ. Tí òjò bá pa á, ó di òkúta. Bàbá ní ẹnì kan fi orí kàn án lọ́jọ́ òjò, ó ṣubú. Nígbà tó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìsọdipúpọ̀, "èjì lọ́nà méjì, ẹ̀rin, èjì lọ́nà mẹ́ta, ẹ̀fà," kò dákẹ́ títí rẹfirí fi fọn fèrè ìparí. Mo wojú Bàbá bóyá wọ́n ń ṣeré. Ojú wọn gún régé. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti jogún ojú yìí, ẹ má bi mí mọ́.

Kò sí àwọ̀n nílé bọ́ọ̀lù. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ọparun méjì, okùn kan lókè, ó tán. Bí bọ́ọ̀lù bá kọjá, inú koríko ló wọ̀ yẹn. Rẹfirí ló máa sọ bóyá àárín òpó ló gbà àbí ẹ̀gbẹ́.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún ni sáà náà. Ti àkọ́kọ́, Bàbá ki ọwọ́ bọ inú yanrìn tútù kí bọ́ọ̀lù má bàa yọ̀, ẹnikẹ́ni ò rí nǹkan kan gbá wọlé wọn. Ìkejì ni ọjọ́ òjò yẹn, ọjọ́ náà ni ìka méjì kán. Wọ́n fi èèpo igi dì í, wọ́n padà sáàárín òpó. Mo ní, "Bàbá, ṣé kò dùn yín?" Wọ́n ní, "Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ta ló máa dúró síbẹ̀?" Ìkẹta, òfo. Ìkẹrin, òfo. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin, bọ́ọ̀lù ò wọlé wọn. Àwọn ará abúlé tí ò mọ ohun tó ń jẹ́ bọ́ọ̀lù pàápàá ń gbé ọmọ wọn wá kí wọ́n lè fi ọwọ́ kan ọwọ́ Sámúẹ́lì aṣọ́lé. Ìwọ rò ó wò. Ọmọ ogún ọdún.

Ó wá ku ti ìkarùn-ún. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Etí Odò ló gun òkè wá bá wọn, láti apá Ìjẹ̀ṣà. Bí wọ́n bá gbá ọ̀mì, tí ẹnikẹ́ni ò jẹ, àwọn Bàbá ló ni ife. Kí bọ́ọ̀lù má ṣáà wọlé.

Agbábọ́ọ̀lù kan wà ní Etí Odò tó ń jẹ́ Jeremáyà. Tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ òsì ló ń lò. Bàbá ní tó bá ń sáré bọ̀, ṣe ló dà bíi pé ilẹ̀ ń jó o lẹ́sẹ̀. Gbogbo ọjọ́ náà, Jeremáyà ń gbá a, Bàbá ń mú un. Ó gbá a sísàlẹ̀, Bàbá mú un. Ó gbá a sókè, Bàbá fi ìka tó kán yẹn tì í dànù.

Ó kù díẹ̀ kó parí. Oòrùn ti ń wọ̀, ojú rẹfirí gan-an ló ń ràn sí. Òyìnbó tó ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Bàbá ni rẹfirí ọ̀hún, ó wọ gíláàsì. Jeremáyà tún gbá a. Bàbá fò. Wọ́n ní atẹ́gùn ẹ̀ nìkan ni ọwọ́ àwọn bà. Bọ́ọ̀lù gba àárín òpó, lápá ọ̀tún, ó ku fẹ́ẹ́rẹ́ kó kan ọparun, ó wọ inú koríko. Àwọn tó dúró lẹ́yìn ilé bọ́ọ̀lù, ọmọ Orí Òkè ni gbogbo wọn. Wọ́n figbe ta pé ẹ̀gbẹ́ ni. Rẹfirí na ọwọ́, ó ní ẹ̀gbẹ́ ni. Jeremáyà ká ọwọ́ lérí, ó dúró sójú kan. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ta ló máa gbà á gbọ́?

Ẹ gbọ́ o. Bàbá dìde nílẹ̀. Wọ́n gbọn yanrìn kúrò lórúnkún. Wọ́n rìn lọ bá òyìnbó náà, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ní, "Sà, ó wọlé."

Òyìnbó ní, "Kí lo wí?"

"Mo ní ó wọlé, sà."

Bàbá ní ewúrẹ́ kan ké lẹ́yìn ilé ìdáná, gbogbo èèyàn ló gbọ́ ọ. Bí ibẹ̀ ṣe pa rọ́rọ́ tó nìyẹn. Jeremáyà wá rìn wá, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú yanrìn. Ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n o, ọjọ́ orí kan náà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Sámúẹ́lì. Ó dìde, àwọn ọmọ Etí Odò gbé ife, wọ́n lọ.

Nígbà yẹn, inú abọ́ kan náà ni àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ń jẹun, ẹni mẹ́fà sí abọ́ kan. Ọjọ́ méje ni ẹnikẹ́ni ò fi bá Bàbá ki ọwọ́ bọ abọ́. Wọ́n á bu ti Bàbá sọ́tọ̀ fún wọn. Ní ọjọ́ kẹjọ, olórí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn gbé abọ́ tiẹ̀ wá, ó jókòó. Ó ní, "Sámúẹ́lì, sún mọ́ ibí. Mo ti rò ó títí. Ó wọlé."

Mo bi Bàbá lábẹ́ igi ọsàn yẹn, mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ ọ́? Rẹfirí ti ní kò wọlé."

Wọ́n ní, "Èmi rí i. Jeremáyà rí i. Kí ni kí àwa méjèèjì wá máa pè é, láti ọjọ́ náà lọ?"

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Mi ò mọ nǹkan tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Lójú tèmi, Bàbá ti fi ife ṣòfò ni. Níléèwé, bàbá àgbà ẹnì kan pa ẹkùn, ti ẹnì kan rí ọba òyìnbó. Kí ni tèmi fẹ́ sọ? Pé bàbá àgbà mi lọ fẹjọ́ ara wọn sun rẹfirí? Mo yọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ karùn-ún kúrò. Mo ní bọ́ọ̀lù ò wọlé wọn rí. Wọ́n kan sáárá sí mi. Mo gbé e dé pọ́líì, mo gbé e wọ bàálù, mo gbé e dé London.

Mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún níbí nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Thamesmead dá ọjọ́ kan sílẹ̀ láti rántí àwọn bàbá wa. Kí kálukú mú nǹkan kan wá tó jẹ́ ti bàbá ẹ̀, kí a gbé e kọ́ sí họ́ọ̀lù. Àwọn èèyàn mú fìlà wá, wọ́n mú Bíbélì wá. Èmi ò ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo kọ́ ní pọ́líì. Mo mọ bébà bí ìyàwó mi ṣe mọ̀ mí.

Mo tẹ ìwé ẹ̀rí kan, lẹ́tà àtijọ́, èdè òyìnbó tó le. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé Sámúẹ́lì ti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Orí Òkè ni aṣọ́lé tí bọ́ọ̀lù ò wọlé rẹ̀ ní gbogbo sáà. Mo rì í sínú tíì, mo yan án nínú ààrò gáàsì, mo fa etí ẹ̀ ya díẹ̀. Mo fi ọ̀dùnkún gbẹ́ òǹtẹ̀, mo lù ú ní pupa. Mo fi sínú fréèmù. Ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe. Mo ní tó bá di ìrọ̀lẹ́, mà á sọ fún wọn, a ó jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Pásítọ̀ ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọ́n ní kí n wá sórí pẹpẹ wá sọ̀rọ̀. Mo lọ. Mo ní, "Ẹni tó bá ń jiyàn, ìwé rè é." Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ẹ má bú wọn. Àwa tá a ti ibòmíì wá, ìwé ni ìlú yìí fi tọ́ wa dàgbà. Wà á débì kan, wà á ṣàlàyé, wọ́n á ní ìwé dà? Pé o bí ọmọ ẹ, ìwé dà? Pé o sun ilé ẹ, ìwé dà? Ó ti mọ́ wa lára. Bí ìwé bá ti ní òǹtẹ̀, ẹnu ti dákẹ́ nìyẹn. Èmi tí mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwé, èmi ló yẹ kí n bẹ̀rù jù.

Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀, Mummy Ìbídùn. Wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Morris Walk ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀, kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í wó ibẹ̀, tí wọ́n kó wọn lọ sí ilé tuntun kan nítòsí. Bọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n wọ̀ wá. Wọ́n fi díńgí tó ń mú lẹ́tà tóbi ka ìwé mi. Wọ́n kà á tán, wọ́n tún un kà. Wọ́n ní, "Ta ló ni èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Sámúẹ́lì ti Orí Òkè ni bàbá àgbà ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Sámúẹ́lì aṣọ́lé," wọ́n pè é bí ẹni tó ń pe ará ilé ẹ̀. "Mo ti ń gbọ́ orúkọ yẹn kí n tó mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà. Jeremáyà ni bàbá mi."

Mo yíjú sí fréèmù.

"Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọlé bàbá àgbà ẹ," Mummy ń bá ọ̀rọ̀ lọ, wọ́n rọra ń sọ ọ́. "Bàbá mi ò lówó, wọn ò joyè. Nǹkan kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń yangàn láyé nìyẹn. Wọ́n ní rẹfirí kọ̀ ọ́, pé Sámúẹ́lì fúnra ẹ̀ ló ní ó wọlé. Tá a bá ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní, 'Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ Sámúẹ́lì.' " Wọ́n tún gbójú sókè wo fréèmù. "Òǹtẹ̀ wà lára èyí. Ẹnu lásán ni bàbá mi ní." Wọ́n fi ọwọ́ mi sílẹ̀. "Bàbá mi parọ́ fún wa nìyẹn."

Kì í ṣe bí ẹni tó ń bínú ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Bí ẹni tó gba lẹ́tà ìjọba ni.

Èmi ńkọ́? Mo la ẹnu. Ẹnì kan gbé abọ́ ìrẹsì lé mi lọ́wọ́. Mo pa ẹnu dé. Bàbá àgbà mi gbọn yanrìn kúrò lórúnkún, wọ́n lọ bá rẹfirí. Èmi… mo jẹ ìrẹsì.

Sunday mẹ́ta, Mummy Ìbídùn ò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó Pásítọ̀ ló lọ wò wọ́n. Ó dé, ó ní ara wọn le, ṣùgbọ́n wọ́n ti yí fọ́tò bàbá wọn kọjú sí ògiri. Ó ní wọ́n pe àwọn ọmọ wọn lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó wà ní Manchester, èyí tó wà ní Ìbàdàn, wọ́n ń sọ fún wọn pé ìtàn bọ́ọ̀lù tí àwọn fi tọ́ wọn dàgbà, kí wọ́n má sọ ọ́ fún ọmọ tiwọn mọ́. Pé kì í ṣe òótọ́.

Ọjọ́ kejì, mo wọ bọ́ọ̀sì. Mummy ṣílẹ̀kùn, wọ́n ní kí n jókòó. Mi ò jókòó. Mo rí ẹ̀yìn fréèmù lára ògiri, pátákó àti ìṣó. Mo ká ọwọ́ sẹ́yìn. Mo ní, "Mà, ó wọlé."

Wọ́n ní, "Kí lo wí?"

"Mo ní ó wọlé, mà. Bàbá àgbà mi fẹnu ara wọn sọ ọ́ fún mi. Tíì ni mo fi pa ìwé yẹn láró. Ọ̀dùnkún ni mo fi ṣe òǹtẹ̀."

Wọ́n wá ní, "Irú tíì wo?"

Mo sọ irú tíì fún wọn.

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Yí bàbá mi padà." Mo yí i padà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, arúgbó, ó jókòó sórí àga, ẹsẹ̀ òsì wà níwájú. Mo dọ̀bálẹ̀ fún fọ́tò náà. Mi ò mọ nǹkan míì tí mo lè ṣe.

Mummy ní, "Níbo lo ti sọ irọ́ yẹn?"

"Níbi gbogbo, mà."

"Wà á sọ òótọ́ ẹ̀ níbi gbogbo nìyẹn."

Ìyẹn nìkan ni wọ́n wí. Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn, mo pe wọ́n lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, lójú Mummy. Lọ́jọ́ Sunday, mo dúró síbi tí mo dúró sí lọ́jọ́ kìíní, mo sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, mo sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá wọlé síbẹ̀ tí mo ní òjò ń rọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ lọ wo ojú fèrèsé.

Kí lo wí, Tómi?

"Uncle, o sure pé èyí kì í ṣe ọ̀kan lára prank ẹ?"

Ẹ gbọ́ ọmọ. "O" ló ń pè mí, kò tiẹ̀ pè mí ní "ẹ̀yin." Ṣùgbọ́n mi ò lè bínú, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni. Èmi ni mo gbé ohun tó ga jù tí bàbá àgbà mi ṣe láyé, mo pa á rẹ́, mo ní mò ń gbé wọn ga. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá ní ẹni tó ga jù yín lọ nínú ìdílé, ẹ má gé e kúrú kó lè wọ ẹnu yín. Ayé àtijọ́, ọkùnrin kan á ní "ó wọlé," ayé á gbà pé ó wọlé. Lónìí, ọ̀dùnkún ti borí ẹnu. Ó ṣe mí láàánú… Èmi ni mo sì gbẹ́ ọ̀dùnkún.

Tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, wá bá mi ní ọjà Beresford Square, ní Woolwich, lọ́jọ́ Sátidé. Sátidé kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń ti Mummy Ìbídùn lórí kẹ̀kẹ́ ìjókòó wọn lọ ra nǹkan. A ò lè ra tòmátò kan kí wọ́n má kọ́kọ́ fi mí hàn. Wọ́n á na ìka sí mi, wọ́n á sọ fún ẹni tó ń tà á, "Bàbá mi gbá bọ́ọ̀lù wọlé bàbá àgbà ọkùnrin yìí." Ẹni náà á wò mí. Mummy náà á wò mí, wọ́n á dúró.

Mà á gbé àpò iṣu sí ọwọ́ kejì. Mà á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó wọlé."

Wọ́n á ní ká máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀.